Ẹni Tó Ń Dáhùn fún Àbẹ̀kẹ́

Ọ̀sán gangan ni wọ́n pe Bàṣírát. Ká ní òru ni, ì bá ti rántí ohun tí wọ́n fi kọ́ gbogbo wa láti kékeré, pé bí èèyàn bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó pè é, kó pa ẹnu mọ́. Àmọ́ ta ló ń rántí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí ààrò ń jó, tí àwọn tó fẹ́ ra búrẹ́dì sì ti tò sẹ́nu ọ̀nà?

"Àbẹ̀kẹ́."

Inú yàrá tí wọ́n ń kó àpò fúláwà sí ni ohùn náà ti wá. Ohùn obìnrin ni, ó rọ̀, ó dùn létí, ohùn ẹni tó ti ń fi ìfẹ́ pe èèyàn tipẹ́. Ohùn náà mọ́ Bàṣírát létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè sọ ẹni tó ni ín, ìyẹn gan-an ló sì kó bá a. Ó ti la ẹnu, ìdáhùn ti dé ètè, nígbà tí agolo bọ́tà kan já bọ́ láti orí pẹpẹ tí ariwo rẹ̀ sì gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Nígbà tó máa yọjú sínú yàrá náà, kò bá ẹnikẹ́ni. Fúláwà tó dà sílẹ̀ láàárọ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí sìmẹ́ǹtì, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀.

Akóredé, ọkùnrin tó ń bá a po búrẹ́dì, gbójú sókè. "Àǹtí, ta lẹ fẹ́ dá lóhùn?"

"O ò gbọ́ pé wọ́n pè mí ni?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o."

Ó fẹ́ bá a jiyàn, àmọ́ ọ̀fun rẹ̀ ti ń fún. Kí oòrùn tó wọ̀, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Búrẹ́dì tí wọ́n sì yọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ló là lójú, ó là gbọọrọ bí ẹnu tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Akóredé ní ààrò ló gbóná jù. Ó sọ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò mú ẹyọ kan lọ sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ yẹn ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń pè. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ ni. Bàṣírát ní ilé búrẹ́dì kékeré kan ní Ajah, ọ̀rá funfun lásán ló sì ń dì í sí, bíi ti gbogbo ayé. Níjọ́ kan, Clement, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ní Lẹ́kkí Phase 1, jẹ nínú búrẹ́dì náà, ó sì wá a wá.

"Àǹtí, búrẹ́dì yín dùn, ṣùgbọ́n kò lórúkọ," ó ní. "Ohun tí ò lórúkọ, báwo ni customer ṣe máa pè é? Ẹ fún mi ní orúkọ kan tó dùn lẹ́nu, kí n fi ṣe brand fún yín."

Orúkọ kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Clement tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá aláwọ̀ aró pẹ̀lú lẹ́tà yẹ́lò, ó fi àwòrán Bàṣírát tó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà tẹlifóònù ọ́fíìsì tirẹ̀ sí i, nítorí kò sí fóònù ní Ajah lọ́dọ̀ Bàṣírát. Lẹ́yìn náà ló ṣí ojú ìwé kan fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó wà ní London àti ẹni tó wà ní Houston lè rí. Ká tó wí, ká tó fọ̀, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ti ń pè láti fi kéèkì ọjọ́ìbí ránṣẹ́ sí òbí wọn ní Phase 1. Ní Ajah, àwọn tó ń kiri ń ké "Àbẹ̀kẹ́ dé o" láti ilé dé ilé. Orúkọ tí ẹnì kan ṣoṣo máa ń pè tẹ́lẹ̀ di ti gbogbo ẹnu.

*

Ẹnì kan ṣoṣo yẹn ni Àdúràọlá. Òun ló kọ́ Bàṣírát níṣẹ́ búrẹ́dì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí oríta Ajah. Ọmọ tí kò ní ìyá ni Bàṣírát nígbà tí wọ́n mú un wá bá a, kò sì sí ẹnì kan láyé tó ń kì í. Àdúràọlá ló bi í ní oríkì rẹ̀, òun ló ń fi pè é láàárọ̀, òun ló sì gbé ọwọ́ lé e lórí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un, tó pè é lójú gbogbo èèyàn, "Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ rẹ á mókè." Àwọn méjèèjì sunkún lọ́jọ́ náà.

Nísinsìnyí, bí Àdúràọlá bá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, orúkọ yẹn ló ń rí lára ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri inú gọ́tà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù Phase 1 tó ti ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò gbà á mọ́. Bí iná ààrò rẹ̀ ṣe ń kú ni inú rẹ̀ ń gbóná. Ó dùn ún, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ó dùn ún dé egungun.

Ìdí nìyí tó fi wà lọ́dọ̀ Tájù lẹ́yìn àwọn ilé pákó tó wà lójú ọ̀nà Badore. Adáhunṣe ni Tájù, àmọ́ bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní akọ̀wé báǹkì ni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó sì máa ń nu àga fún àlejò kó tó jókòó. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló ń ba èèyàn lẹ́rù.

"Ó dáhùn?" Tájù béèrè.

"Ó fẹ́ dáhùn. Nǹkan kan gé e lẹ́nu."

"Àbọ̀ ìdáhùn, àbọ̀ ohùn la rí gbà nìyẹn." Ó gbé igbá kékeré kan tó ní ìdérí sórí tábìlì láàárín wọn. Omi dúdú wà nínú rẹ̀, kò sì mì bí tábìlì ṣe mì. "Màmá, kí lẹ fẹ́ gan-an? Ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?"

"Mi ò sọ pé kó kú. Mo fẹ́ kó dákẹ́. Mo fẹ́ kí orúkọ yẹn kú lẹ́nu ayé."

Tájù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ. "Ẹ máa pè é lọ́sàn-án gangan, kí ẹ sún ẹnu mọ́ igbá. Bó bá ti dáhùn, ẹ dé igbá, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí o. Bí ẹnì kan bá dáhùn, tí ẹ ò bá dé e, igbá ò ní sùn lébi. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa pè."

Àdúràọlá fi gèlè wé igbá náà. Kò béèrè ohun tí igbá máa ń jẹ.

*

Ìyá Àgbà Sìmbíátù, ẹ̀gbọ́n bàbá Bàṣírát, ń gbé létí ọ̀sà, lórí ìwọ̀nba ilẹ̀ tí ìdílé wọn kò tíì tà. Ẹja ló ń yan. Àwọn aládùúgbò mọ̀ pé kì í ṣe ẹja nìkan ló mọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ jáde. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàṣírát láti ẹnu Akóredé tó tẹ̀ lé e wá, nítorí ohùn kò jáde lẹ́nu ẹni tó ni ọ̀ràn.

"Ta ló mọ oríkì rẹ?" ìyá arúgbó náà béèrè.

Bàṣírát mú búrẹ́dì kan jáde nínú àpò, ó fi ọ̀rá rẹ̀ hàn án.

Ìyá Àgbà wo àwòrán náà, ó wo orúkọ, ó sì rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Nígbà tiwa, bí wọ́n bá fẹ́ pe èèyàn báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ fi oṣù gbáko wá orúkọ rẹ̀ kiri. Ìwọ fún wọn pẹ̀lú búrẹ́dì."

Ó já egbò igi kan, ó gé e wẹ́wẹ́, ó ní kí Bàṣírát fi sábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ilé lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń gbé inú ilé náà. Nígbà tó jáde, ó mú ohun kan tí wọ́n fi òwú funfun dì lọ́wọ́.

"Fi eléyìí sí ibi tí wọ́n ti máa ń pè ọ́ jù. Títí n óò fi ránṣẹ́ sí ọ, ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ì báà jẹ́ ojú rẹ ni wọ́n ti pè é. Jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá ọ dáhùn."

"Ta ni ká wá, Ìyá?" Akóredé béèrè.

"Ẹ má wá a. Yóò wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wá, ẹ gbà á."

Ó yíjú padà sí ẹja rẹ̀, kò sì wo Bàṣírát mọ́ títí tí wọ́n fi lọ.

*

Tábìlì fóònù Clement ní Phase 1 ni Bàṣírát lọ fi ohun inú òwú náà sí, lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ó kọ ọ́ sórí bébà fún Clement pé dókítà ní kí òun má sọ̀rọ̀. Irọ́ kékeré ni, ohùn rẹ̀ tó há sì jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Clement ká ọwọ́ lórí. "Àǹtí, fóònù yìí ń dún láti àárọ̀ o. Ẹni tó ka website yín ní London fẹ́ gbọ́ ohùn Àbẹ̀kẹ́. Ṣé kí èmi ọkùnrin máa dá wọn lóhùn ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn pé òun gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Bàṣírát wo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn dé bi pé ó gbàgbé àìsàn rẹ̀. Fúnláyọ̀ ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Àdúràọlá bí. Òun Bàṣírát ló ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà sì ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

"Àǹtí Bàṣírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màámi," Fúnláyọ̀ ní, ó kúnlẹ̀. "Wọ́n fẹ́ kí n jókòó ti ààrò. Mo ti sọ fún wọn pé travel agency ni mo ti ríṣẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni, ọ̀rọ̀ á le."

Bàṣírát fà á dìde, ó gbá a mọ́ra. Ìfẹ́ ló fi gbà á síṣẹ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ìyẹn.

Clement mú ọmọ náà jókòó sídìí fóònù, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Bí fóònù bá ti dún, ìwọ kọ́ ni Fúnláyọ̀ mọ́. 'Good afternoon, Àbẹ̀kẹ́ speaking.' Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé ìwọ ni Àbẹ̀kẹ́, sọ pé èmi ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá ọmọọṣẹ́ sọ̀rọ̀. Àbẹ̀kẹ́ gan-an ni wọ́n fẹ́. That is branding."

"Èmi ni Àbẹ̀kẹ́," Fúnláyọ̀ sọ ọ́ wò, ó sì rẹ́rìn-ín.

Iná lọ pàù. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kú, fáànù dúró. Clement ní iná ìjọba ni, kò sì sẹ́ni tó bá iná ìjọba jiyàn. Bàṣírát nìkan ló ṣàkíyèsí pé òórùn ẹja yíyan gba inú yàrá náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì lọ.

*

Àdúràọlá ń pè, kò sì rí ẹni dáhùn. Lójoojúmọ́ bí oòrùn bá ti dé àárín orí, á ti ilẹ̀kùn yàrá, á tẹ̀ síwájú igbá, á sì fi ohùn ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù pè é. Omi inú igbá ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bu omi kún un. Ọbẹ̀ tó sè ń kan kí ó tó kúrò lórí iná. Ikọ́ kan tó gbẹ wọ̀ ọ́ láyà, kò sì lọ.

Fúnláyọ̀ gbé omi gbígbóná fún un nírọ̀lẹ́, ó bu oyin sí i. "Màámi, ikọ́ yìí ti ń pẹ́ jù. Bí mo bá gba owó oṣù mi, ilé ìwòsàn la máa lọ."

"Ìwọ ṣáà máa ṣiṣẹ́ rẹ. Àwọn ará travel agency yẹn ń tọ́jú ẹ?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi, mà."

Àdúràọlá fi ọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lórí. Nígbà míì tó bá wò ó báyìí, ó máa ń ṣe é bíi kó lọ da omi igbá náà sínú ṣálángá, kó sì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Àmọ́ láìpẹ́, ẹni tó ń kiri á gba iwájú ilé kọjá, á ké "Àbẹ̀kẹ́ dé o," inú rẹ̀ á sì tún le bí òkúta.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, Tájù fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kí i, ó nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé, ó sì fa bébà kan yọ lápò. Bàṣírát ló ń rẹ́rìn-ín lórí bébà náà, orúkọ lókè, nọ́ńbà fóònù nísàlẹ̀. Ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ó ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún òun.

"Wọ́n ti fún un ní nǹkan sẹ́nu," Tájù ní. "Orúkọ yẹn ò sí lára ẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbé e síbòmíì. Ibi tí wọ́n ti ń dáhùn rèé." Ó fi ìka tẹ nọ́ńbà náà. "Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, irun la máa ń wá, a máa ń jí aṣọ èèyàn lórí okùn. Ẹ wo ayé bó ṣe dà. Ojú rèé, orúkọ rèé, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ síta fún wa."

"Ṣé ohùn inú fóònù náà ń jẹ́ ohùn?"

"Ẹnu kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni? Lọ́la, Màmá. Igbá yìí ti ń kún jù. Bẹ́ ò bá lò ó lọ́la, mi ò lè sọ ibi tó máa gbà."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn Bàṣírát ṣàdédé là. Ayọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó dúró de ìránṣẹ́ Ìyá Àgbà, ó di búrẹ́dì gbígbóná, ó sì kọrí sí etí ọ̀sà láti lọ dúpẹ́.

Ìyá Àgbà gba búrẹ́dì náà, kò jẹ ẹ́. "Ta ló ń bá ọ dáhùn?"

"Fúnláyọ̀ ni, Ìyá. Ọmọ dáadáa ni."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ọ̀gá mi, Àǹtí Àdúràọlá, tó kọ́ mi níṣẹ́."

Ìyá arúgbó náà gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Oògùn tí mo fún ọ kì í gba ẹnu ẹni tí a bá ṣà. Inú ilé ẹni tó ń pe èèyàn gan-an ló máa ń lọ, ẹnu kan níbẹ̀ ló sì máa ń mú wá. Mi ò sọ fún ọ, kí o má baà máa wo ojú kiri."

Ó gba Bàṣírát ní àkókò díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé, nígbà tó sì wọlé, gbogbo rẹ̀ ló wọlé pa pọ̀. Ohùn dídùn tó pè é láti àárín àpò fúláwà, ohùn ọ̀gá rẹ̀ ni. Ọmọ tí òun pọ̀n dàgbà ló sì jókòó sídìí fóònù, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ni Àbẹ̀kẹ́.

"Ìyá, ẹ dá oògùn yẹn dúró."

"Èmi kọ́ ni mo ń pè é."

"Bí ọmọ yẹn bá dáhùn ńkọ́?"

"Bí kì í bá ṣe òun, ìwọ ni. Ọ̀kan ni mo lè gbà, ọmọ àbúrò mi ni mo sì gbà."

Bàṣírát kò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹ̀rù bà á ju ìgbà tí ó gbọ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń wá. Ó gba ọ̀kadà ní ojú ọ̀nà, ó ní kí ó máa sáré lọ sí Phase 1, ó sì ń wo oòrùn tó ń gòkè lọ sí àárín ọ̀run.

*

Ilé tí wọ́n ti ń ta ìpè tẹlifóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Ajah. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ bá Àdúràọlá tẹ nọ́ńbà, ó sì ní kó wọ inú àgọ́ onígíláàsì lọ. Àdúràọlá ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó gbé igbá lé itan lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ó di ìdérí mú lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Ní ìta gíláàsì, ayé ń lọ bó ṣe ń lọ, àwọn kọ́ńdọ́ ń pe èrò, ẹnì kan ń bó ọsàn.

Fóònù dún lọ́hùn-ún, wọ́n sì gbé e.

"Good afternoon, Àbẹ̀kẹ́ speaking."

Òyìnbó tó ń gba ihò imú jáde ni, fóònù sì ń han. Àdúràọlá tẹrí sún mọ́ igbá, ó fi ohùn dídùn yẹn pè é.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Ẹ̀ẹ́, èmi ni, mà."

Ọwọ́ Àdúràọlá ti ń gbé ìdérí bọ̀ nígbà tí ó gbọ́ "mà" yẹn. Ìyá wo ni kò ní mọ̀ ọ́n? Ohùn tó ti ń dá a lóhùn láti ìgbà tó ti ń rákòrò ni, ohùn ẹni tó ń bá a bu oyin sómi nírọ̀lẹ́. Ìdérí dúró lókè igbá. Ó wú ikọ́, kò mọ̀ pé òun wú u.

"Hello?" ohùn náà ní, òyìnbó ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Màámi? Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn já wọlé lọ́hùn-ún, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, wọ́n sì já fóònù gbà.

"Ọ̀gá mi," Bàṣírát ní, kò tíì lè mí dáadáa. "Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Èmi lẹ pè, èmi ni mo sì dáhùn. Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi orúkọ yẹn pè mí, kò sẹ́lòmíràn, ìdí tí mo fi fi sára búrẹ́dì nìyẹn. Mo rò pé inú yín á dùn."

Ohun tí Àdúràọlá ti ń wá láti ọjọ́ yìí ló wà létí rẹ̀ yẹn, ìdáhùn odindi láti ẹnu Bàṣírát. Omi inú igbá gòkè, ó kún dé etí, ó tutù gba inú aṣọ wọ itan rẹ̀. Ohùn méjì ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ó ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ omi, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè dé ọ̀kan mọ́ ibẹ̀ kó yọ èkejì sílẹ̀. Ó rántí ohun tí Tájù sọ nípa ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù. Ó wo itan ara rẹ̀. Ó fi ìdérí náà sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi fọ́.

"Bàṣírá," ó ní sínú fóònù, "bá mi tọ́jú ọmọ mi."

Lẹ́yìn náà, nǹkan kan pè é láti inú igbá. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni, ohùn ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù, ó rọ̀, ó sì dùn.

"Àbẹ̀kẹ́."

Ó dáhùn.

*

Nígbà tí wọ́n ṣí àgọ́ náà, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, fóònù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Igbá gbẹ táútáú. Akóredé àti àwọn ọkùnrin kan lọ wá Tájù lọ́nà Badore, wọ́n bá yàrá rẹ̀ ní gbígbá, àga rẹ̀ ní nínù, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó gbà. Ìyá Àgbà wá wo Àdúràọlá lẹ́ẹ̀kan. Ó wò ó lójú títí, ó sì sọ fún Bàṣírát pé òun kò ní oògùn fún ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.

Bàṣírát kò lè sùn, kò sì lè jẹ búrẹ́dì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó sọ fún Clement pé kó pa ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn rẹ́, kó dá àwọn ọ̀rá tuntun dúró, kí orúkọ náà parẹ́. Clement ní àwọn ará London kò ní mọ ẹni tí wọ́n máa pè mọ́. Bàṣírát ní kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni. Ó wá kọjá sí ilé ọ̀gá rẹ̀ láti lọ sọ fún Fúnláyọ̀ bákan náà.

Ó bá ọmọ náà níwájú ìyá rẹ̀, ó ń fún un ní ẹ̀kọ mu, Bàṣírát sì ti ẹnu ọ̀nà sọ ohun tó bá wá. Àdúràọlá kọjú sí ògiri. Fúnláyọ̀ gbé ṣíbí sún mọ́ ọn.

"Màámi," ó pè é. Ìyá náà kò yíjú. "Màmá Fúnláyọ̀. Àdúràọlá." Kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ìta ni wọ́n ti ń pe àjèjì kan. Fúnláyọ̀ nu ojú ara rẹ̀, ó sì tún ohùn ṣe, ohùn tó fi ń gbé fóònù ní Phase 1.

"Àbẹ̀kẹ́."

Àdúràọlá yíjú sí i kíá, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun. "Ẹ̀ẹ́," ó ní, ó sì la ẹnu gba ẹ̀kọ náà.

"Ẹ má pa orúkọ yẹn rẹ́, Àǹtí," Fúnláyọ̀ ní, kò wo ẹ̀yìn. "Kò sí òmíràn tí wọ́n ń jẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ké e kọjá lójú ọ̀nà."

Bàṣírát jókòó tì í, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu ẹ̀kọ sí i, ó sì fi oríkì ara rẹ̀ pe ọ̀gá rẹ̀.